Nọ́ńbà Tí Kọ̀ǹpútà Ń Gbà Fúnra Rẹ̀ Ní Ọ́fíìsì Wa

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú yín béèrè pé kí ló dé tí ìgbìmọ̀ fi owó ẹgbẹ́ san fún onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti tún ẹ̀rọ ọ́fíìsì Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó tò, nígbà tó jẹ́ pé a ò ra ẹ̀rọ tuntun kankan. Ìbéèrè gidi ni. Owó yín ni, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a fi ṣe.

Gbogbo kọ̀ǹpútà tí a bá so pọ̀ nínú ọ́fíìsì kan ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà ní àdúgbò. Ọ̀nà mẹ́rin ni nọ́ńbà náà pín sí, ìpín kọ̀ọ̀kan kì í sì í ju 255 lọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni 192.168.10.10. Bí akọ̀wé bá fẹ́ wo ìwé owó yín láti orí tábìlì rẹ̀, nọ́ńbà yìí ni ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń mọ ibi tí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìwé náà wà. Bí ẹ̀rọ méjì bá wá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, wàhálà dé, nítorí ohun tí a rán sí ọ̀kan á máa bọ́ sọ́wọ́ èkejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, a ò sì bá ìwé kankan tó fi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá láti Oǹdó, àṣé nọ́ńbà ẹ̀rọ ìwé owó gan-an ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì á sọnù. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba wá gba owó tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí láti yá a. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wá, tó ń padà lọ́wọ́ òfo. Ní ọjọ́ kẹta ó bú sẹ́kún, ó ní ká sọ òótọ́ fún òun, ta ló ti kó owó òun jẹ? Kò sẹ́ni tó kó o jẹ o. Owó wà ní báńkì, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ẹ̀rọ ni ò lè dé ibi tí ìwé wà. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ kó gba ìyẹn gbọ́? Lójú tirẹ̀, alájẹṣẹ́kù tí ò lè ṣí ìwé han ọmọ ẹgbẹ́ kò yàtọ̀ sí alájọ tó ti sá lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ló tó rí owó rẹ̀ gbà, ọjà tó fẹ́ fi rà sì ti gbówó lórí.

Ohun tí a wá ṣe ni pé a gba iṣẹ́ pínpín nọ́ńbà kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, a fi lé ẹ̀rọ kan lọ́wọ́. DHCP ni wọ́n ń pe ètò náà. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, kò ní nọ́ńbà, kò sì mọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà igbe ló máa ké sí gbogbo ilé: "Ta ló ń pín nọ́ńbà níbí?" Ẹ̀rọ tó ń pín in, tí wọ́n ń pè ní sáfà, á dáhùn pé, "Mo ní nọ́ńbà báyìí, ṣé o fẹ́ ẹ?" Kọ̀ǹpútà á ní òun fẹ́ ẹ. Sáfà á wá ní, "Ó di tìrẹ títí di àkókò báyìí," á sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, ó parí.

Ẹ ṣàkíyèsí "títí di àkókò báyìí" yẹn. Yíyá ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Bí a bá yá a fún wákàtí mẹ́jọ, tó bá ti lo mẹ́rin, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á padà lọ bá sáfà pé kó sún ọjọ́ síwájú. Èyí tí kò bá padà wá títí àkókò fi pé, wọ́n á gba nọ́ńbà náà. Ì bá wù mí kí gbogbo ẹni tó yá owó lọ́wọ́ wa máa ṣe bíi kọ̀ǹpútà!

Ètò yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1985 wọ́n ti gbé ọ̀kan jáde ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ BOOTP, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ṣì ní láti jókòó kọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọ̀gbẹ́ni Ralph Droms, olùkọ́ ní Yunifásítì Bucknell, ló kọ ìlànà DHCP jáde ní oṣù October 1993, ó sì tún un kọ ní March 1997. Yíyá náà jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi kún un. Gbogbo irú nọ́ńbà yìí láyé kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ. Ní 3 February 2011 ni wọ́n pín ìyókù tó wà nílẹ̀ fún àjọ márùn-ún ti àwọn ẹkùn ayé, ọjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa pé ọdún 35 gan-an. AFRINIC ní Mauritius ló ń pín ti Áfíríkà. Àmọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 kò ná wa ní kọ́bọ̀, inú ilé ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù, bó bá jẹ́ Windows 11, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Network & internet, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ IP assignment sí, kí ẹ mú Automatic (DHCP). Bí ẹ bá wá rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ̀rọ yín ti ké títí, kò rí ẹni dáhùn, ló bá sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹ yẹ wáyà wò, kí ẹ sì wò ó bóyá sáfà wà ní títàn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ la fi sínú ètò yìí o. Ẹ̀rọ ìwé owó àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní nọ́ńbà tí kì í yí padà, nítorí gbogbo èèyàn ló ń wá wọn. Láti 192.168.10.100 dé 150 ni sáfà Àkúrẹ́ lè pín, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tó kù. Akápò wa fẹ́ kí sáfà kan ṣoṣo sìn Àkúrẹ́ àti Oǹdó, kí owó má baà pọ̀. Mo gba tirẹ̀ rò, ṣùgbọ́n igbe tí kọ̀ǹpútà ń ké kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àfi bí a bá fi alágbèékalẹ̀ sí i, bí ìlà láàárín ìlú méjèèjì bá sì já, Oǹdó á jókòó lásán. Nítorí náà Oǹdó ní tirẹ̀, 192.168.20 ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀, kí ti ìlú méjèèjì má baà kọlu ara wọn. Sáfà ló kọ́kọ́ wà lórí bátìrì báyìí, ṣáájú fáànù alága. Iná kò ṣe é fọkàn tán.

Ohun kan wà tí a ń bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tiyín wá so mọ́ wáyà ọ́fíìsì. Púpọ̀ nínú wọn ló ń pín nọ́ńbà, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dáhùn ni kọ̀ǹpútà máa ń tẹ̀ lé. Olè náà lè mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà yẹn darí ẹ̀rọ wa síbi tó fẹ́. Ẹ bi akọ̀wé léèrè kí ẹ tó so ohunkóhun.

Ní Oǹdó, ó ku ẹ̀rọ méjì tí a ò tíì tún ṣe. Títí a ó fi parí, ẹ mú ìwé ìfowópamọ́ yín dání bí ẹ bá ń bọ̀.