Ọsán Já, Ọrún Dọ̀pá: Àlàyé lórí Ètò Ààbò Ara Ọ̀pá Ìjánu Káìtì Orí Omi

1. Ìfáárà

Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Ẹdẹ kò ṣe é sọ láìmẹ́nu ba ọrun àti ọfà. Ìtàn sọ pé tafàtafà ni Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ẹni tí Aláàfin rán láti Ọ̀yọ́ wá dó síbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọrun dáadáa mọ̀ pé agbára rẹ̀ kò sí nínú igi nìkan; inú ọsán tí a fà le ni agbára náà wà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ọsán já, ọrún dọ̀pá. Àdánù ni òwe yìí ń ròyìn. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ohun èlò kan wà tí àdánù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìgbàlà fún ẹni tí ó ń lò ó. Ohun èlò náà ni káìtì tí a fi ń sáré lórí omi.

Wọn kì í ṣe eré yìí ní Ẹdẹ, nítorí gbangba omi ni ó ń fẹ́. Erékùṣù Sal ní Cape Verde jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó ti gbajúmọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1984 ni Bruno àti Dominique Legaignoux, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí káìtì tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú kí ó lè léfòó. Ní ọdún 2024, wọ́n fi eré náà kún ìdíje Òlíḿpíìkì, wọ́n sì ṣe é ní Marseille.

2. Bí Ọ̀pá Ìjánu Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹni tí ó ń ṣe eré yìí a dúró lórí pákó, a sì de bẹ́líìtì ńlá tí ó ní ìkọ́ níwájú mọ́ ìbàdí. Okùn mẹ́rin ni ó sábà máa ń so ó pọ̀ mọ́ káìtì, gígùn wọn a sì máa tó nǹkan bí mítà 20 sí 24. Okùn iwájú méjì so mọ́ etí iwájú káìtì. Wọ́n pàdé, wọ́n gba àárín ọ̀pá kọjá, wọ́n sì parí sí òrùka tí a fi kọ́ ìkọ́ bẹ́líìtì. Ìbàdí ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìfà wọn, kì í ṣe apá. Okùn ẹ̀yìn méjì so mọ́ orí ọ̀pá lọ́tùn-ún àti lósì. Bí a bá fa orí ọ̀tún, káìtì a yà sí ọ̀tún. Bí a bá fa ọ̀pá lódindi súnmọ́ àyà, okùn ẹ̀yìn a le, fífẹ̀ káìtì a sì dojú kọ ẹ̀fúùfù.

Ẹni tí ó bá ti gbé páànù ìkanlé rí nígbà tí ìjì ń jà yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ó bá kọ fífẹ̀ páànù sí ẹ̀fúùfù, páànù a fẹ́ gbé e lọ. Bí ó bá kọ etí rẹ̀ sí i, ẹ̀fúùfù a gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bí ìyára ẹ̀fúùfù bá sì di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, apá ènìyàn kò lè jẹ́ ààbò. Ẹ̀fúùfù òjijì kan lè gbé ènìyàn nílẹ̀ kí ó sì gbé e lu àpáta tàbí ògiri etíkun.

3. Ìpele Kìíní: Jíjọ̀wọ́ Ọ̀pá

Bí a bá jọ̀wọ́ ọ̀pá, a yọ́ lọ sókè lórí okùn àárín. Okùn ẹ̀yìn a dẹ̀, púpọ̀ nínú agbára káìtì a sì lọ. Síbẹ̀ káìtì ṣì wà lókè, a sì tún lè di ọ̀pá mú padà. Ìlú Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì tí ó jọba láti 1946 sí 1975, tí ó sì jẹ́ ògbóǹtarìgì onílù, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Bí onílù bá fún ọsán dùndún, awọ a le, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, ohùn a wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìpele yìí rí: kò béèrè ju pé kí a ṣíwọ́ fífà.

Àwọn káìtì ìbẹ̀rẹ̀ kò ní àǹfààní yìí tó. Nǹkan bí ọdún 2005 ni irú èyí tí ó tẹ́ ju ti àtijọ́ lọ dé ọjà, láti ọwọ́ Bruno Legaignoux kan náà. Ọrun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Òun ni ó jẹ́ kí jíjọ̀wọ́ ọ̀pá lè mú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo agbára kúrò.

4. Ìpele Kejì: Ṣíṣí Òrùka

Ìgbà mìíràn wà tí okùn lọ́ mọ́ra tàbí tí ọ̀kan já, tí káìtì sì ń yí bíríbírí lókè. Jíjọ̀wọ́ ọ̀pá kò tó mọ́. Lókè òrùka ni ìdìmú kan wà, tí ó sábà máa ń pupa. Bí a bá tì í síwájú, òrùka a ṣí, ọ̀pá a sì sáré lọ. Okùn iwájú kan ṣoṣo ni yóò kù, èyí tí okùn ìdè kúkúrú so mọ́ bẹ́líìtì. Káìtì tí okùn kan dì mú kò lè gba ẹ̀fúùfù sára mọ́. A fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá, a sì jábọ́ sórí omi. Ọsán ti já, ọrún ti dọ̀pá, ṣùgbọ́n olọ́run ni ó fúnra rẹ̀ já a.

Ibi tí a so okùn ìdè mọ́ ṣe pàtàkì. Àwọn kan tí ń dárà lókè a máa so ó mọ́ òrùka, kí káìtì má baà bọ́ lọ. Bí wọ́n bá wá ṣí òrùka, okùn iwájú méjèèjì ṣì so mọ́ wọn, káìtì kò sì ní di àsíá. Ìpele kejì ti sọnù nìyẹn.

5. Ìpele Kẹta: Fífi Káìtì Sílẹ̀

Bí káìtì bá ṣì ń fa ènìyàn, tàbí tí okùn bá kọ́ ọkọ̀ ojú omi, ó ku kí a tú okùn ìdè náà. Òun pẹ̀lú ní ìdìmú tirẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni a fi èyí sí, nítorí káìtì tí ó bọ́ lè ṣe ẹlòmíràn léṣe. A rí i pé ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn ní ìwọ̀n àdánù: èkíní ná ni ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, èkejì ná ni ní eré ọjọ́ náà, ẹ̀kẹta ná ni ní káìtì. Ní ọdún 2020, àjọ ISO gbé ìlànà ISO 21853 jáde, èyí tí ó sọ ohun tí a ń retí lọ́wọ́ irú ẹ̀rọ ìtúsílẹ̀ yìí àti bí a ṣe ń dán an wò.

6. Ìwà Ẹ̀dá àti Ìkọ́ra

Ìṣòro tí ó kù kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹni tí ẹ̀rù bà a máa di ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Fún akọpẹ tí ó wà lórí ọ̀pẹ, ìwà yìí tọ̀nà, nítorí igbà ni ẹ̀mí rẹ̀. Fún ẹni tí ó wà nídìí okùn káìtì, ìwà kan náà lè pa á: bí ó ti ń fa ọ̀pá mọ́ àyà ni okùn ẹ̀yìn ń le, tí agbára sì ń pọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣí òrùka lórí ilẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n láìronú. Ó sì yẹ kí a dán an wò kí a tó gbé káìtì sókè, nítorí iyanrìn àti iyọ̀ òkun lè mú kí ó há.

7. Àgbálọgbábọ̀

Okùn tí ó gbé ènìyàn kì í ṣe oríṣi kan. Igbà akọpẹ ń fẹ́ kí ó yi, kí kókó rẹ̀ má ṣe tú. Okùn káìtì ń fẹ́ kí ó yi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ kan lè tú u nígbàkígbà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe ètò ààbò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: níbo ni ewu wà, nínú jíjábọ́ ni tàbí nínú dídìmú? Ìdáhùn sí èyí ni yóò sọ irú kókó tí ó yẹ kí ó ta.