ARIWO KỌ́ NI BÉÈSÌ: BÍ OHÙN ÌSÀLẸ̀ ṢE LÈ MỌ́ GAARA NÍNÚ PÁLỌ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá dún àdúnjù, fífàya ní í fàya. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìlò sípíkà inú ilé mu púpọ̀. Ní Maiduguri, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, kò ṣọ̀wọ́n mọ́ kí ìdílé ní sípíkà márùn-ún pẹ̀lú wúfà kan tí wọ́n fi ń gbọ́ sinimá inú tẹlifísàn. Béèsì ni olúkúlùkù ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń jáde nínú ilé mìíràn kì í ṣe béèsì rárá bí kò ṣe kíkùn lásán: fèrèsé a máa gbọ̀n, páànù òrùlé a máa dún, síbẹ̀ ohun tí òṣèré ń sọ kì í yé ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀. Onílé a wá rò pé sípíkà rẹ̀ kéré ni, a sì tún ná owó lórí èyí tí ó tóbi jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú náà lọ́nà pàtàkì. Ojú irin tí ó dé Maiduguri ní 1964 àti Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1975 wà lára ohun tí ó fa oníṣòwò, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba láti ilẹ̀ Yorùbá wá sí ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa ní oṣù karùn-ún 2013, tí òfin konílé-ó-gbélé sì de ìrìn alẹ́ ní ìlú, pálọ̀ ni ó di ilé sinimá fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ọmọ tí ó ń gbọ́ Hausa àti Kanuri ní òde, nínú fíìmù àti orin ni ó ti ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àgbà tí kì í ṣe òbí rẹ̀. Bí béèsì bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdánù ju ìgbádùn lọ.

OHUN TÍ BÉÈSÌ JẸ́

Gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ ni ohùn. Iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni à ń fi Hertz wọ̀n, èyí tí a ń kọ ní Hz. Etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz títí dé 20,000 Hz. Béèsì ni apá ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohùn ọkùnrin tí ó ti dàgbà a máa bẹ̀rẹ̀ láàárín nǹkan bí 85 Hz sí 180 Hz; nítorí náà, ẹnu ààlà béèsì gan-an ni ọ̀rọ̀ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlù dùndún ni ó fi èyí hàn jùlọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti jáde, ó yẹ kí ó rọlẹ̀ kí èyí tí ó tẹ̀ lé e tó wọlé. Bí ó bá ń kùn lọ nínú yàrá, yóò bo ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, igbá àti ìgbà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà létí olùgbọ́. Béèsì tí ó mọ́ ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ lásìkò, tí ó sì dákẹ́ lásìkò.

IṢẸ́ TÍ CROSSOVER Ń ṢE

Sípíkà kan ṣoṣo kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí dáradára. Béèsì ń fẹ́ sípíkà fífẹ̀ tí ó lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ohùn òkè ń fẹ́ kékeré tí ó lè yára gbọ̀n. Crossover ni ó ń pín iṣẹ́ fún wọn. Nínú àpótí sípíkà, capacitor ni í jẹ́ kí ohùn òkè kọjá, tí í sì dá ohùn ìsàlẹ̀ dúró. Wáyà tí a ká jọ, tí à ń pè ní kọ́ìlì, ń ṣe òdì-kejì rẹ̀. Fún sípíkà kékeré tí a kọ ohm 8 sí lára, capacitor microfarad 5 yóò máa dín ohùn tí ó wà lábẹ́ nǹkan bí 4,000 Hz kù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tún sípíkà ṣe kò gbọdọ̀ fi capacitor kan rọ́pò òmíràn láìwo nọ́ńbà ara rẹ̀.

Crossover mìíràn tún wà nínú amplifier sinimá inú ilé. Òun ni ó ń darí ohùn tí ó wà lábẹ́ ìwọ̀n kan sọ́dọ̀ wúfà, tí ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn sípíkà yòókù. Ìlànà THX, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ sinimá Lucasfilm ní Amẹ́ríkà ní 1983, mú 80 Hz gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n. Ìdí rẹ̀ ni pé lábẹ́ ìwọ̀n yìí, ó ṣòro fún etí láti mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Bí a bá gbé e dé 150 Hz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan ohùn ọkùnrin yóò máa jáde láti inú wúfà ní kọ̀rọ̀ yàrá, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń mì lójú tẹlifísàn.

BÍ A ṢE LÈ TÒ Ó

Lákọ̀ọ́kọ́, kí onílé yan “Small” fún gbogbo sípíkà lórí amplifier rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ tóbi lójú. Èyí kò tàbùkù wọn. Ó kàn ń pàṣẹ pé kí wúfà ru ẹrù béèsì. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 80 Hz. Bí sípíkà rẹ̀ bá kéré púpọ̀, tí ìwé rẹ̀ sì sọ pé kò lè lọ sísàlẹ̀ ju 100 Hz lọ, kí ó gbé e sí 120 Hz. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó yí bọ́tìnnì crossover tí ó wà lára wúfà fúnra rẹ̀ dé òkè pátápátá, kí a má baà sẹ́ ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí wáyà pupa lọ sí ojú pupa, kí dúdú lọ sí dúdú. Bí sípíkà kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú nígbà tí èkejì ń fà á sẹ́yìn, wọn yóò pa béèsì ara wọn. Nítorí èyí kan náà ni bọ́tìnnì 0 àti 180 ṣe wà lẹ́yìn wúfà: kí ẹnì kan jókòó sí àyè rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa yí i, kí wọ́n sì fi í sí ibi tí béèsì ti kún jù.

YÀRÁ PẸ̀LÚ NÍ ỌWỌ́ NÍNÚ RẸ̀

Ògiri búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kì í gba béèsì mọ́ra. Dídá ni í dá a padà. Pálọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 12, yóò máa kùn ní nǹkan bí 40 Hz àti 47 Hz. Bí gígùn àti ìbú bá dọ́gba, kíkùn méjèèjì yóò pàdé ní ojú kan náà, yóò sì burú sí i. Kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì ń dín ohùn òkè tí ń ta padà kù, ṣùgbọ́n agbára wọn kò ká béèsì.

Ọ̀nà àbáyọ kò gba owó. Kí a gbé wúfà sórí àga tí onílé máa ń jókòó sí, kí a fi orin onílù sí i, kí onílé wá máa rákò lọ káàkiri ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibi tí ó bá ti gbọ́ ìlù ketekete jù ni kí ó gbé wúfà sí. Kọ̀rọ̀ yàrá ni béèsì ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti sábà máa ń kùn jù. Bákan náà, kí àga má ṣe fara ti ògiri ẹ̀yìn, kí ó má sì wà ní àárín gbùngbùn yàrá.

INÁ, ERUKU ÀTI ALÁDÙÚGBÒ

Ní oṣù kìíní 2021, àwọn agbébọn ba òpó tí ó ń gbé iná wá sí Maiduguri jẹ́, ìlú sì wọ òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àti iná oòrùn ni àwọn tí agbára wọn ká a fi rọ́pò. Bí iná bá rẹlẹ̀ jù, amplifier kò ní lè ru béèsì. Ohùn yóò máa já, sípíkà sì lè jóná. Dídín ohùn kù nígbà náà sàn ju títún sípíkà ṣe lọ. Eruku ọyẹ́ a máa wọ inú bọ́tìnnì, oòrùn líle a sì máa jẹ fóòmù etí sípíkà; kí a máa fi aṣọ bò wọ́n nígbà tí a kò bá lò wọ́n.

Ní 1933, Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí ohùn bá ti ń rẹlẹ̀, béèsì ni etí ń kọ́kọ́ pàdánù. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi ń fi kún béèsì lóru. Ṣùgbọ́n béèsì ni ó ń la ògiri kọjá jù, aládùúgbò tí ó ń sùn tàbí tí ó ń kírun ni yóò sì gbọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí onílé rántí dá a padà sí ipò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú owó lọ sí ọjà láti ra sípíkà tuntun, ó yẹ kí ó fi ìrọ̀lẹ́ kan gbé èyí tí ó wà nílẹ̀ sí àyè rẹ̀. Bí ìyáàlù bá ti ń sọ̀rọ̀ tí ọmọdé inú ilé sì lè tún ohun tí ó sọ wí, a jẹ́ pé béèsì ti mọ́.