Orúkọ Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Ìtumọ̀ Wọn

Ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ ní ìlú Ìlọrin yóò gbọ́ tí wọ́n ń ké pé, "Post Office! Post Office!" Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ ọ́n. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni a fi sọ àdúgbò náà lórúkọ. Orúkọ Ìlọrin pàápàá rí bẹ́ẹ̀: ìtàn sọ pé òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fi ń lọ irin ni ó bí i.

Bákan náà ni orúkọ ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun wọn ní 1066, àṣà orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí 1400, ọ̀pọ̀ ìdílé ti ní tiwọn. Alágbẹ̀dẹ ni Smith. Aránṣọ, tí àwa náà ń pè ní télọ̀, ni Taylor. Ẹni tí ń gbé ẹ̀bá òkè ni Hill. Ọmọ John sì ni Johnson. Orúkọ àbísọ wọn pẹ̀lú ní ìtumọ̀: Edward ni ẹni tí ń ṣọ́ ọrọ̀, John, tí ó ti inú èdè Hébérù wá, sọ pé Ọlọ́run ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Báwo ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ jẹ́ kí a wo Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, orúkọ àlùfáà kan ní London ni a fún un: Samuel Crowther. Ìtumọ̀ Crowther ni ẹni tí ń ta ohun-èlò orin olókùn kan, bí onígòjé tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá Àjàyí kì í ṣe onígòjé, ahunṣọ ni. Síbẹ̀ Àjàyí, orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀, kò parẹ́ mọ́ ọn lára títí di òní. Àlùfáà Onítẹ̀bọmi kan, David Brown Vincent, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1894 ó pa orúkọ náà tì, ó sì ń jẹ́ Mojọlá Agbébí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Jíjẹ́ orúkọ àlejò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ń jẹ́ ẹ mọ ilé ta ni a wò kí a tó fún un.