Títóbi Kọ́ Ni Dídàgbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹgbọrọ Akọ Màlúù

 

Láti ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2023, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí Èbúté Omi Jíjìn ti Lẹ́kkí, ni ojú ilẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ti kúrò ní ohun tí àwọn baba wa mọ̀ ọ́n sí. Omi èbúté náà jìn tó mítà 16 ààbọ̀, àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá sì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ọ̀nà Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò rí i bí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù, àti bí ilé àti ilé iṣẹ́ ti ń dìde níbi tí igi àgbọn àti ẹ̀gẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kò yà wá lẹ́nu pé àwọn tí ilẹ̀ díẹ̀ kù sí lọ́wọ́, tàbí tí wọ́n rí owó díẹ̀ kó jọ, ń ronú ohun tí wọn yóò fi ṣe. Lára ìmọ̀ràn tí ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni sísin màlúù, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí Èkó kì í jẹ ẹran.

Ìmọ̀ràn rere ni, àwa kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ń ra màlúù kì í sábà béèrè, bẹ́ẹ̀ ni òun ni gbòǹgbò gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n a béèrè iye owó abo, wọ́n a béèrè bí wàrà rẹ̀ ti pọ̀ tó, wọn kì í sì í béèrè bóyá akọ tí wọ́n fẹ́ fi sí àárín àwọn abo náà ti dàgbà tó láti fún wọn lóyún.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn màlúù tí a ń rí ní Èkó, láti Òkè-Ọ̀yà ni ọkọ̀ ti ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wá, ibi tí a sì ń kó wọn lọ ni ilé ìpẹran. Ojú alápatà ni a fi kọ́ bí a ti ń wo màlúù, ẹran ara ni alápatà sì ń wò. Akọ tí àyà rẹ̀ gbòòrò, tí iké rẹ̀ ga, tí itan rẹ̀ sì kún, òun ni ó dára lójú rẹ̀, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí yóò pa á lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kí akọ náà bí ọmọ fún òun gbọ́dọ̀ ní ojú mìíràn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹgbọrọ akọ màlúù rí: ó lè tóbi bí baba rẹ̀, kí ó má sì tíì lè ṣe iṣẹ́ baba rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wúwo sí i ní ìpínlẹ̀ Èkó nítorí òfin tí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, èyí tí ó ka fífi màlúù jẹko káàkiri léèwọ̀. Nígbà tí agbo ń rìn kiri, tí akọ kan kò bá tó iṣẹ́, akọ mìíràn lè bá a ṣe é, kí olówó wọn má tilẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ni ẹni tí yóò sin màlúù ní Ìbẹ́jú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ yóò ti sìn ín, akọ kan ṣoṣo ni ó sì ṣeé ṣe kí ó rà. Bí ọ̀kan yẹn bá kùnà, gbogbo ọgbà ni ó kùnà.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó wàyí: nígbà wo ni a lè sọ pé ẹgbọrọ akọ ti bàlágà? Àwọn onímọ̀ sọ pé ìgbà tí àtọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ní irúgbìn alààyè tó mílíọ̀nù 50 nínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 wọn sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ síwájú. Wọ́n ṣàkíyèsí pé nígbà tí ìwọ̀n àyíká kórópọ̀n rẹ̀ bá tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 28, èyí tí í ṣe ínṣì 11, ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bíbàlágà kì í ṣe pípé. Ọmọkùnrin tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ta ni yóò fi olórí ẹbí ṣe? Ó kù fún ẹgbọrọ náà kí ó lo oṣù mélòó kan sí i kí àtọ̀ rẹ̀ tó dá ṣáká.

Ọjọ́ orí yìí kò dọ́gba fún gbogbo ìran màlúù. Àwọn ti ilẹ̀ Òyìnbó, tí a ń bọ́ dáadáa, a máa bàlágà láàárín oṣù 9 sí 12, a sì máa ń yẹ̀ wọ́n wò láti oṣù 12 sí 15. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ó kùnà ní oṣù 12 ni ó ń yege ní oṣù 15. Àwọn màlúù oníké ti ilẹ̀ gbígbóná, irú èyí tí àwọn Fúlàní ń dà, a máa pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pàápàá bí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ṣẹ́ wọn níyà. Ohun tí àwa yóò gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ má ṣe yẹ irú wọn wò kí wọ́n tó pé oṣù 18, kí ẹ má sì fi wọ́n sí iṣẹ́ kí wọ́n tó súnmọ́ ọdún 2.

Bí ẹni tí ń tà á kò bá mọ ọjọ́ tí a bí i ńkọ́? Ẹ la ẹnu rẹ̀. Eyín wàrà kéékèèké ni màlúù fi ń dàgbà. Nígbà tí ó bá súnmọ́ ọdún 2, méjì tí ó wà láàárín nísàlẹ̀ yóò ká, eyín ńlá méjì yóò sì rọ́pò wọn. Akọ tí gbogbo eyín iwájú rẹ̀ ṣì jẹ́ eyín wàrà, ọmọdé ni, bí ara rẹ̀ ti wù kí ó tóbi tó.

Lẹ́yìn èyí ni kí a pe dókítà ẹranko. Ohun mẹ́ta ni yóò ṣe. Èkíní, yóò wo ara rẹ̀: ẹsẹ̀, pátákò, ojú, eyín àti ẹ̀yà ìbímọ, nítorí akọ tí ó ń tiro kò lè gun abo. Èkejì, yóò fi téèpù, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń lò, wọn àyíká kórópọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ẹranko ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà 30 fún akọ tí kò tíì ju oṣù 15 lọ, títí dé 34 fún èyí tí ó ti ju oṣù 24 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwọ̀n yìí dá Mútúrù lẹ́bi, màlúù kúkurú aláìníké ti apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa, nítorí kékeré ni Ẹlẹ́dàá dá a. Ẹ̀kẹta, dókítà yóò gba àtọ̀ rẹ̀, yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ó kéré tán, ìdá 30 nínú 100 gbọ́dọ̀ máa lúwẹ̀ẹ́ lọ síwájú, ìdá 70 sì gbọ́dọ̀ ní ìrísí pípé, tí orí àti ìrù wọn kò ní àbùkù.

Kí a má sì gbàgbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àrùn kan wà tí a ń pè ní brucellosis, tí í mú kí abo ṣẹ́ oyún, tí ó sì lè ran ènìyàn nípasẹ̀ wàrà tí a kò sè.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ó dùn wá jù lọ, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù. Bí ẹgbọrọ bá kùnà ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́, a máa ń yára fà á lé alápatà lọ́wọ́. Ìkánjú ni. Irúgbìn inú àtọ̀ akọ màlúù a máa lo nǹkan bí ọjọ́ 61 kí ó tó dá tán, a sì tún lo bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ṣetán láti jáde. Nítorí náà, ohun tí dókítà rí lónìí, iṣẹ́ oṣù méjì sẹ́yìn ni. Kórópọ̀n gbọ́dọ̀ tutù ju inú ara lọ ní ìwọ̀n digirí 2 sí 6. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Ẹlẹ́dàá fi so ó rọ̀ sí ìta. Bí ibà bá mú akọ náà, tàbí bí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri bá kọlù ú, tàbí bí a bá fún un mọ́ inú ọkọ̀ nínú oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀ láti Òkè-Ọ̀yà títí dé Èkó, àtọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́, kí ó sì tún padà bọ̀ sípò. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi, ẹ fún un ní koríko, omi àti ibòji, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ 60. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ó ti dàgbà tó, nígbà náà ni kí a ránṣẹ́ pe alápatà.

Bí ó bá sì yege, ẹ má ṣe di ẹrù àgbà lé e lórí. Abo 10 sí 15 tó o ní ọdún àkọ́kọ́, bí akọ tí ó gbó tilẹ̀ lè ṣàkóso 25 sí 30. Ẹ máa ṣọ́ ọ pẹ̀lú, nítorí àyẹ̀wò kò lè sọ bóyá ọkàn rẹ̀ ń fà sí abo. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó gun abo kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Bí abo kò bá lóyún, ara rẹ̀ yóò tún máa béèrè akọ lẹ́yìn bí ọjọ́ 21. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá padà, kò burú. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá padà, tí wọ́n sì tún padà, akọ ni kí ẹ fura sí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Ká sọ pé ọkùnrin kan ní abo 15 nínú ọgbà, tí ó sì ra akọ nítorí títóbi rẹ̀. Ó gbọ́kàn lé e, kò kọ ọjọ́ sílẹ̀, ó ń retí ìbímọ lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, nítorí bí ọjọ́ 283 ni màlúù fi ń lóyún. Oṣù mẹ́sàn-án pé, kò sí ọmọ kankan. Ó ti bọ́ ẹran 16, ó ti san owó olùṣọ́ àti owó oògùn lórí ilẹ̀ tí iye rẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́ nítorí èbúté, kò sì ní ọmọ màlúù, kò ní wàrà. Yóò ní kí a tún bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án mìíràn sì tún nìyẹn. Owó tí dókítà ìbá gbà ní ọjọ́ kan kò tó nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ohun tí ó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ a máa pe àwọn abo ní àgàn, wọn a sì tà wọ́n, nígbà tí ó jẹ́ pé akọ ni kò tíì tó akọ.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1924 ni ilé ìwádìí àrùn ẹran ti wà ní Vom, oko ẹran Shika lẹ́bàá Zaria sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1928. Ní ẹ̀gbẹ́ tiwa níhìn-ín, wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù Keje ọdún 2024 sì ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ohun tí ó kù ni kí àwa tí a ní owó nínú iṣẹ́ náà béèrè ìmọ̀.

Àwọn àgbà sọ pé bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìbẹ́jú, Ajah àti Ẹ̀pẹ́, kí ẹ tó sanwó akọ, ẹ ka eyín rẹ̀, ẹ wọn kórópọ̀n rẹ̀, ẹ yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò; bí kò bá sì tíì pé, ẹ dúró dè é. Abo kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé akọ tí ẹ fún òun kò tíì dàgbà. Ẹ̀yin ni ẹ ó bá a sọ ọ́.