Ọlá Rótìmí àti Ìtàn Ọba Gíríìkì: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Ẹni tí ó bá ti Ìyìn-Èkìtì gba Adó kọjá yóò dé Ìkéré, níbi tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ti gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ohun tí ó gbẹ́ sára igi náà ni bí Ògògà ti gba òyìnbó aláṣẹ kan ní àlejò. Ní ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, inú British Museum ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó sì wà di òní. Òyìnbó ni àlejò tí a gbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wo iṣẹ́ náà kí ó pè é ní iṣẹ́ òyìnbó. Ojú Èkìtì ni Ọlọ́wẹ̀ fi wo àlejò, ọwọ́ Èkìtì ni ó sì fi gbẹ́ ẹ.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a fi wo Ọlá Rótìmí, ẹni tí ó mú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìsì wọ ilẹ̀ Yorùbá nínú eré rẹ̀, The Gods Are Not to Blame. Àwọn kan a máa wí pé ìtàn àwọn Gíríìkì ni ó mú, tí ó kàn yí orúkọ inú rẹ̀ padà. Èrò tiwa ni pé ohun tí ó yí padà ju orúkọ lọ. Ó yí okùnfà ẹ̀ṣẹ̀ náà padà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ eré náà sì wà.

A bí Rótìmí ní Sapele ní ọdún 1938. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìjọ̀ ni ìyá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Boston àti ti Yale ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì wá sí Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1966. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, ni ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun kọ́kọ́ ṣe eré yìí. Ibùdó Orí Olókun kì í ṣe ti òṣèré nìkan. Akin Euba wà níbẹ̀ fún orin, Peggy Harper fún ijó, Solomon Wangboje fún iṣẹ́ àwòrán àti ọnà. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Rótìmí fi kọ eré náà, òwe, ọfọ̀, ìlù, orin àti ijó Yorùbá ni ó gbé e ró. Àwọn Gíríìkì pàápàá, orin, ijó àti ìbòjú ni wọ́n fi ń ṣe eré tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn náà. Sophocles, ará Áténì, kọ eré Oedipus ní nǹkan bí ọdún 429 ṣáájú ìbí Kristi. Àsọtẹ́lẹ̀ ti wá láti ọ̀dọ̀ òrìṣà Apollo pé ọmọ ọba Thebes yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Wọ́n ní kí a gbé ọmọ náà sọnù sórí òkè, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn gbà á tọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó pàdé bàbá rẹ̀ ní oríta mẹ́ta láìmọ̀ ọ́n. Wọ́n jà nítorí ẹni tí yóò yà fún ẹnì kejì lọ́nà, ó sì pa á.

Nínú eré Rótìmí, ìlú Kutuje ni ìlú náà, Ọba Adétùsà ni bàbá, Ojúọlá ni ìyá, Ọdẹ́wálé sì ni ọmọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ó dá ìjà sílẹ̀ níhìn-ín. Ọdẹ́wálé ra oko kan ní ẹ̀bá Ẹdẹ, ó sì bá àgbàlagbà kan tí ń wa iṣu inú rẹ̀. Ìyẹn nìkan kò tíì mú kí ó pànìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàlagbà náà fi ọ̀nà tí ó ń gbà sọ̀rọ̀ ṣe ẹlẹ́yà, tí ó sì bú ẹ̀yà tí ó ti wá, Ọdẹ́wálé kò lè mú un mọ́ra. Ọkọ́ ni ó fi pa á.

Àrùn kan náà ni ó bá a dé orí ìtẹ́. Nígbà tí Baba Fákúnlé, arínúróde tí ojú rẹ̀ fọ́, pe ọba ní apànìyàn, Ọdẹ́wálé kò yẹ ara rẹ̀ wò. Ohun tí ó sọ sí i lọ́kàn ni pé àwọn ará Kutuje kò fẹ́ àjèjì lórí oyè, ó sì ka Adérópò, ọmọ ààfin, sí ọ̀tá.

Àwọn tí ó wo eré yìí ní ọdún 1968 kò nílò alálàyé. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 ṣì ń jà. Ọdún 1970 ni ó tó parí. Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, ni gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, Ifẹ̀ àti Èkìtì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Rótìmí ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ni òun fi òrìṣà inú àkọlé náà pè. Ó ní kí a má di gbogbo ẹ̀bi ogun wa rù wọ́n, nítorí ìkórìíra ẹ̀yà ti wà láàárín àwa tìkára wa.

Àríyànjiyàn kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Bí a bá ti sọ ọ̀ràn náà tẹ́lẹ̀ kí ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, báwo ni òrìṣà kò ṣe ní jẹ̀bi? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ènìyàn a máa yan orí rẹ̀ ní ọ̀run, ṣùgbọ́n Ifá kì í sọ ibi kí ó má sọ ẹbọ tí a ó fi tún un ṣe. Nínú eré yìí, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹbọ. Níhìn-ín, ẹ̀wù Gíríìkì kò ba ara Yorùbá mu tán.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ọdẹ́wálé kò mọ̀ pé ìyá òun ni òun fẹ́. Ní ti èyí, kò ní ọ̀nà àbáyọ. Ṣùgbọ́n ní oko iṣu, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un. Bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé bàbá òun ni, ó mọ̀ pé ènìyàn ni, àgbàlagbà sì ni. Ìwà rẹ̀ ni ó ti ọ̀nà náà pa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà wa ni ó lè mú wa gbé ọkọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ náà ti rí ọwọ́ wa lò.

Rótìmí kò dá nìkan rin ọ̀nà yìí. Wọlé Ṣóyínká gbé The Bacchae of Euripides jáde ní ọdún 1973. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan fi ìtàn Antigone ṣe Tegonni ní ọdún 1994, ó sì fi ìtàn àwọn obìnrin Troy sọ ti ìparun Òwu nínú Women of Owu ní ọdún 2004. Rótìmí papòdà ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n a ṣì ń ka ìwé rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ má ṣe dúró níbi pé Ọdẹ́wálé ni Oedipus, Ojúọlá ni Jocasta. Ẹ dé oko iṣu tí ó wà ní ẹ̀bá Ẹdẹ, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe.