Kì í ṣe gbogbo owó tá a dá jọ ló ń jẹ́ àjọ

Ọ̀kan nínú yín fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ó kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá àjọ.” Ìyàwó mi fi ₦20,000 ránṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó bi í pé, “Ìgbà wo ló máa kàn mí?” Ẹnu ya ọmọ náà, torí ẹ̀bùn ló pè é. Kò sẹ́ni tó jalè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ da àárín wọn rú.

Nínú àjọ àti èésú, owó ẹni ń padà sọ́wọ́ ẹni. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé èésú dé Trinidad. Susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Ìdáwó yàtọ̀: a dá a fún iṣẹ́ kan, ó tán.

Ìdáwó orí íntánẹ́ẹ̀tì wá pín sí mẹ́rin. Èkíní ni ìtọrẹ, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lórí GoFundMe láti 2010: o ò ní í béèrè nǹkan kan padà. Èkejì ni àsansílẹ̀, bíi ti Kickstarter tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009: o sanwó ọjà tí wọn ò tíì ṣe. Bí owó tí wọ́n ń wá ò bá pé lásìkò, wọn ò ní í yọ kọ́bọ̀ lápò ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yáwó, tó ń padà tòun tèlé. Ẹ̀kẹrin ni ìpín: èrè kàn ọ́, àdánù náà kàn ọ́.

Nàìjíríà ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ní 2021, SEC, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìpín, ṣòfin pé ìkànnì tó bá fẹ́ gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Láàárín oṣù 12, iléeṣẹ́ tó kéré jù ò gbọdọ̀ gbà ju ₦50 mílíọ̀nù lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó nawọ́ sí gbogbo ayé, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀-ìṣe yín: ṣé ẹ ń tọrọ ni, ẹ ń tà ni, ẹ ń yá ni, àbí ẹ ń pín? Ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.

Ọmọ yẹn ti wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, gààrí ló sì fi ń san gbèsè ẹ̀. Oríṣi kejì lọ̀rọ̀ wọn padà já sí.