Àgọ́ Ẹnìkan: Ẹ Ro Ti Afẹ́fẹ́ Kí Ẹ Tó Ro Ti Òjò

Ọ̀rọ̀ àgọ́ la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe kánópì òde ìnáwó o! Àgọ́ kékeré tí ẹnìkan ń gbé sẹ́yìn lọ sórí òkè, tó sì lè rán fúnra rẹ̀, ni mò ń wí.

Kí ló dé téèyàn á fi jókòó rán àgọ́ nígbà tó lè rà á? Ìwúwo ni. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pacific Crest Trail, láti ẹnubodè Mexico dé ti Canada. Ó gùn ju 4,200 kìlómítà lọ. Ray Jardine àti Jenny ìyàwó rẹ̀ rìn ín, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn rán ohun tí wọ́n ń gbé. Ìwé tí Jardine kọ nípa rẹ̀ mú kí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò máa bi ara wọn pé, “Ẹrù wo ni mo lè fi sílẹ̀?”

Ẹ kọ́kọ́ wọn ara yín. Télọ̀ kì í gé aṣọ láìwọn oníbàárà. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹnìkan wọ̀n yín látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi bíi 50 sẹ̀ǹtímítà kún un. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wọn gíga yín náà. Ẹ wá fi pépà ṣe kékeré rẹ̀ kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ.

Aṣọ tí ọ̀pọ̀ ń lò ni silnylon, ìyẹn náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ti fi silicone sí lára. Tí òjò bá pa á, ó máa ń rọ̀, ẹ ó sì tún okùn fà. Ti polyester kì í rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òwú polyester ni kẹ́ ẹ fi rán an. Ẹ má fi píìnì gún un káàkiri, torí ihò tẹ́ ẹ bá lu lomi á gbà wọlé. Kílíìpù ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ká etí aṣọ méjèèjì wọnú ara wọn, ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi silicone kun ojú rírán náà.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí: omi òjò nìkan kọ́ ló ń rin èèyàn nínú àgọ́. Aṣọ tómi ò lè gbà wọlé, omi ò lè gbà á jáde. Omi wà nínú èémí wa. Tí ìta bá tutù lóru, èémí yẹn á di omi lára aṣọ, á sì máa kán sí yín lára, bí gíláàsì mọ́tò ṣe máa ń rí nígbà òjò tí wọ́n bá tì í pa. Kí òtútù orí òkè wá bá ara tó ti rin, ẹ̀mí lè lọ sí i.

Torí náà, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, kẹ́ ẹ sì ṣí ojú kan sókè kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹ má dáná nínú ẹ̀ o: èéfín tí kò ní òórùn ń pààyàn lójú oorun.

Tẹ́ ẹ bá rán tiyín tán, ẹ kọ́kọ́ sùn sínú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé lóru kan tí òjò ń rọ̀, níbi tí ilé ò ti jìnnà. Ó dìgbà kan ná.